Àga Aláwọ Tó Ń Bó: Ta Ni Ká Gbọ́ Tirẹ̀?

Nínú pálọ̀ ní Adó-Èkìtì, láti Ajílosùn títí dé Baṣírí, àga tí ojú rẹ̀ ń dán bí awọ ló gbayì jù. Ó rọrùn láti nù, kì í mu omi bíi ti aṣọ, ó sì ń jẹ́ kí pálọ̀ rí bíi ti olówó. Àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń bó. Ibi tí orí ń fara tì ló máa ń kọ́kọ́ lọ, á dé ibi tí wọ́n ń gbé apá lé, lẹ́yìn náà ibi ìjókòó á máa já wẹ́wẹ́, èérún rẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun àlejò. Bí onílé bá béèrè ohun tó lè ṣe sí i, ẹnì kan á ní òrí ni kó fi pa á, ẹlòmíì á ní gọ́ọ̀mù, ẹlòmíì ọ̀dà, ẹlòmíì á ní kó ra aṣọ bò ó, aránga, ìyẹn ẹni tó ń rán awọ bo àga, á sì ní kó jẹ́ kí òun tú u palẹ̀ kí òun rán òmíràn. Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú wọn. Olúkúlùkù ti rí i tó ṣiṣẹ́ rí. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni irú ohun tí wọ́n fi bo àga tí wọ́n ń tọ́ka sí, èrò tèmi sì ni pé ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wà lára àga náà gan-an?

Awọ gidi ni ti màlúù, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn tí wọ́n fi èso igi tàbí kẹ́míkà ṣe títí kò fi lè jẹrà mọ́. Nàìjíríà kò ṣàìní in. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni awọ ewúrẹ́ láti Kánò àti Ṣókótó fi ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá sí Mọ̀rókò, tí àwọn Òyìnbó tó ń rà á níbẹ̀ sì rò pé Mọ̀rókò ni wọ́n ti ṣe é. Lónìí, Ítálì àti Sípéènì ni èyí tó pọ̀ jù nínú awọ tí wọ́n ṣe ní Kánò ń gbà lọ. Ní apá tiwa, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni awọ màlúù ń wọ̀. Lọ́dún 2022, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ awọ ní Zaria dábàá pé kí wọ́n ṣòfin tó máa dá pọ̀nmọ́ jíjẹ dúró, kí àwọn ilé iṣẹ́ awọ lè rí ohun tí wọ́n á fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ Ọjà Ọba ní Adó mọ ibi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ máa já sí. Nítorí náà, yàtọ̀ sí àga tòkunbọ̀ àti ti àwọn ọ́fíìsì ńlá díẹ̀, awọ gidi ṣọ̀wọ́n lórí àga wa.

Ohun tó wọ́pọ̀ ni lẹ́dà, ìyẹn aṣọ tí wọ́n da ike lé lójú, tí wọ́n sì fi irin gbígbóná tẹ àpẹẹrẹ awọ sí. Irú méjì ló ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n fi PVC ṣe máa ń nípọn, ó sì le díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi PU ṣe fẹ́lẹ́, ó rọ̀, ó sì jọ awọ ju èkejì lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń wu oníbàárà. Irú kẹta wà tó ń da ọ̀rọ̀ rú: wọ́n á lọ àwọn àjákù awọ kúnná, wọ́n á fi PU lẹ̀ ẹ́ pọ̀ sórí aṣọ, wọ́n á wá tà á bí awọ. Awọ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń bó kò yàtọ̀ sí ti PU.

Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń bàjẹ́ kò dọ́gba. Ọ̀rá tí wọ́n fi sínú awọ gidi nígbà tí wọ́n ń ṣe é ló ń gbẹ, awọ á le, á sì sán, pàápàá nígbà ọyẹ́. Èròjà kan wà nínú PVC tó ń mú kó rọ̀. Bó bá ṣe ń jáde díẹ̀díẹ̀, lẹ́dà náà á gan, á sì là níbi tó ti ń ká. Ti PU ló burú jù fún wa. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń já okùn tó so èròjà rẹ̀ pọ̀, ooru sì ń mú un yára. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú pé ẹnì kan jókòó lórí rẹ̀ tàbí kò jókòó. Àga tí wọ́n fi nylon wé sí yàrá àlejò, tí ẹnikẹ́ni kò fìdí kàn, lè bó bíi ti pálọ̀. Ní Èkìtì tí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, tó sì ń rọ̀ títí di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá, afẹ́fẹ́ tó gbóná tó sì rin ni PU ń mí sínú fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún.

Láti mọ èyí tí ẹ ní, ẹ dojú àga dé, ẹ yọ díẹ̀ lára aṣọ dúdú tí wọ́n kàn mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn ohun tí wọ́n fi bò ó. Bí ẹ bá rí irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lọ́ mọ́ra láìní ìlànà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ awọ. Bó bá jẹ́ òwú tí wọ́n hun ni ẹ rí, lẹ́dà ni, ohun yòówù kí ẹni tó tà á fún yín ti sọ. Àwọn kan ń fi iná ìṣáná dán an wò, wọ́n ní òórùn irun tó jó ni awọ ń rùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èéfín PVC tó ń jó ń ta èèyàn ní ọ̀fun, àyẹ̀wò náà kò sì sọ ohun tí ojú kò lè rí lẹ́yìn aṣọ.

Àwọn tó ní òróró ni oògùn rẹ̀

Òrí, àdín àgbọn, Vaseline, ìpara ọmọdé, pólíṣì bàtà: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti fi pa àga. Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn àwọn èèyàn yìí lágbára níbi tí awọ gidi bá wà, nítorí pé ọ̀rá ló jáde lára awọ náà, ọ̀rá ló sì yẹ kó padà sí i. Àwọn tó ń ṣe bàtà àti àpò awọ ti mọ èyí tipẹ́.

Àìlera rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà bo ojú awọ àga kí ìdọ̀tí má bàa wọ inú rẹ̀, kò sì sí bí òróró ṣe máa wọlé dáadáa níbi tí ọ̀dà náà kò bá tíì sán. Ìkejì, òróró tó ti ara igi wá máa ń kan, ó ń fa eruku ọyẹ́ mọ́ra, ó sì ń mú awọ dúdú sí i. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ pa á, kó sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún kúrò. Ìpara tí wọ́n ṣe fún awọ sàn ju òrí lọ níbi tí owó bá ká a.

Lórí lẹ́dà, ìmọ̀ràn yìí kò dúró rárá. Ike kì í mu òróró. Yóò dán fún ọjọ́ kan tàbí méjì, èérún rẹ̀ á sì tún máa já. Èyí tó yẹ kó mú wa ronú ni pé ibi tí orí àti apá ń kan ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, níbi tí àdín irun, ìpara ara àti òógùn ti ń bá a jà lójoojúmọ́. Òróró sì máa ń fa èròjà tó ń mú PVC rọ̀ jáde. Ẹni tó ń fi òrí pa lẹ́dà ń ran ohun tó ń bà á jẹ́ lọ́wọ́.

Ohun kan tí gbogbo wọn fẹnu kò lé, tí kò sì ní alátakò, ni bí wọ́n ṣe ń nù ún: aṣọ rírọ̀, omi ọṣẹ díẹ̀, kí wọ́n sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e. Jik, Hypo, kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù kò gbọ́dọ̀ kàn án, yálà awọ ni o tàbí lẹ́dà.

Àwọn onígọ́ọ̀mù

Bí abẹ bá ya á, bí kọ́kọ́rọ́ bá gún un, tàbí bí ológbò bá fi èékánná fà á, tí ojú tó yí ibẹ̀ ká ṣì le, ọ̀nà yìí ló dára jù, mi ò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ilé ni lóòótọ́. Aṣọ tó lágbára, bíi jíìnsì tó ti gbó, ni wọ́n ń gé kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ju ihò náà lọ yí ká. Wọ́n á kì í bọ abẹ́ ibi tó ya, kó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín lẹ́dà àti fóòmù. Wọ́n á wá fi gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á fa ètí méjèèjì pàdé láìjẹ́ kí ọ̀kan gorí èkejì, wọ́n á sì gbé nǹkan wúwo lé e di ọjọ́ kejì.

Gọ́ọ̀mù wo? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ara wọn jà. Super glue ń yára mú, ó sì wà ní gbogbo kíóósì, ṣùgbọ́n ó ń gan bó bá ti gbẹ. Àga ń tẹ̀, ó ń dìde nígbàkígbà tí èèyàn bá jókòó, nítorí náà ètí ibi tí wọ́n fi lẹ̀ máa ń tún la, ibi tuntun á sì ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù àwọn ṣúmékà máa ń tẹ̀ lé awọ bó ṣe ń ká. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n fi pò ó lè mú ojú lẹ́dà fẹ́lẹ́ wú, èéfín rẹ̀ ń kọ orí, ó sì lè gbaná. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, ẹ má sì lò ó nítòsí sítóòfù. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápẹ́ńtà kò léwu, àmọ́ ó ń le bó bá gbẹ, omi sì lè tú u. Nínú mẹ́ta yìí, ti ṣúmékà ni mo fara mọ́ fún ibi tó ya, bí èèyàn bá kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara pamọ́.

Ojúràn tó tú kò nílò gọ́ọ̀mù. Abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti òwú nylon tó nípọn ló nílò, kí wọ́n sì gba inú àwọn ihò àtijọ́. Bí wọ́n bá lu ihò tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, awọ tó wà láàárín á gé.

Níbi tí PU bá ti ń bó, gọ́ọ̀mù ń lẹ̀ mọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ń jábọ́. Oṣù díẹ̀ ló máa fi dúró.

Àwọn ọlọ́dà

Àpótí kékeré tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní ohun tí wọ́n fi ń dí ojú sísán, àwọ̀ oríṣiríṣi, àti ohun tí wọ́n fi ń bò ó lẹ́yìn náà. Lórí awọ gidi tó ṣá tàbí tó ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ lè dára gan-an bí wọ́n bá nu ọ̀rá kúrò dáadáa, tí wọ́n fi sandpaper kíkúnná ra ojú rẹ̀, tí wọ́n sì kùn ún ní ìpele fẹ́lẹ́ púpọ̀ dípò ọ̀kan tó nípọn. Wàhálà rẹ̀ ni àwọ̀: dúdú rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àga aláwọ̀ kọfí máa pò ó títí. Ọ̀dà ògiri àti ọ̀dà irin kò wúlò fún un, wọ́n á sán ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá jókòó. Lórí lẹ́dà tó ń bó, wọ́n lè gé èérún tó ti ṣí kúrò kí wọ́n sì kun aṣọ tó yọ nísàlẹ̀. Á dára lójú láti òkèèrè, ètí ibẹ̀ á sì máa bó lọ síwájú.

Ẹ ra aṣọ bò ó

Àwọn òṣèlú àga ni mo ń pe àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn yìí: wọn kò yanjú ìṣòro náà, wọ́n kàn jẹ́ kó fara pamọ́. Síbẹ̀ ẹ̀rí wọn kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Aṣọ ìbora tó ń fà ni owó rẹ̀ kéré jù, kò nílò irinṣẹ́, ó ṣe é fọ̀, kò sì ba nǹkan jẹ́ bí èèyàn bá yí èrò padà. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lọ́nà Ìwòrókò nítòsí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, tó sì mọ̀ pé òun máa kó lọ, kò sí ọgbọ́n míì tó jù ú lọ.

Èérún ṣì ń já lábẹ́ aṣọ, ó sì ń jáde níbi ojúràn. Aṣọ ń yọ̀ lórí lẹ́dà, nítorí náà wọ́n ń ki ìwé tàbí igi tínrín sí ibi tí ìjókòó ti pàdé ìfẹ̀yìntì. Lásìkò òjò, bí aṣọ náà bá rin, tí wọn kò sì bọ́ ọ sá, ohun funfun lè bu sí ara awọ lábẹ́ rẹ̀. Èyí burú fún awọ gidi ju fún lẹ́dà lọ.

Ẹ tú u, ẹ rán òmíràn

Èyí ni ìmọ̀ràn àwọn aránga àti kápẹ́ńtà. Wọ́n ń jẹ nídìí rẹ̀, nítorí náà ó yẹ ká yẹ ọ̀rọ̀ wọn wò fínnífínní. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé PU tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó kò ní oògùn, a kàn lè pààrọ̀ rẹ̀ ni. Lórí èyí, ìmọ̀ kẹ́míkà wà lẹ́yìn wọn.

Owó náà ti yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àga fi wà lára ọjà tí àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kí wọ́n kó wọlé, nítorí náà ìdí àwọn kápẹ́ńtà wa ni èyí tó pọ̀ jù nínú àga Èkìtì ti ń wá. Lẹ́dà tí wọ́n fi ń bò ó ló ń ti òkè òkun dé. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni wọ́n ń fi ra dọ́là kan lọ́jà ìjọba. Ní 2024 ó ti ju 1,500 lọ láwọn ìgbà kan. Àga tuntun wọ́n, lẹ́dà náà sì wọ́n, àmọ́ egungun àga àtijọ́ tó ṣì le di ohun tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ jù nù.

Bóyá ó le ni ìbéèrè. Ìrókò àti ọ̀gànwó máa ń pẹ́. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, owó rẹ̀ sì kéré, nítorí náà ó pọ̀ nínú àga tí aṣọ bò mọ́lẹ̀, ìkán àti kòkòrò tó ń lu igi sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀ lórí lẹ́dà tuntun, kó dojú àga dé, kó fọwọ́ lu igi rẹ̀, kó wò bóyá ìyẹ̀fun ń jáde níbi ihò wẹ́wẹ́. Bí kòkòrò bá ti jẹ igi náà, owó aránga á ṣòfò. Kó sì tẹ fóòmù wò: èyí tí kò bá tún dìde mọ́ ni kí wọ́n pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí lẹ́dà tuntun tí wọ́n fà lórí fóòmù tó ti kú á máa hunjọ.

Ǹjẹ́ onílé lè ṣe é fúnra rẹ̀? Lórí àga ìjẹun, bẹ́ẹ̀ ni. Ìdè mẹ́rin ló sábà máa ń mú ìjókòó rẹ̀ mọ́ igi. Wọ́n á tú u, wọ́n á fi screwdriver pẹlẹbẹ àti ẹ̀mú yọ pín-ìn-nì stápù, wọ́n á tẹ́ awọ àtijọ́ sórí tuntun láti fi gé e, pẹ̀lú àlékún tó máa ká sí abẹ́. Àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ́kọ́ kàn, ọ̀tún lẹ́yìn òsì, iwájú lẹ́yìn ẹ̀yìn, igun ló ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun máa rí i pé ojú rẹ̀ wọ́.

Lórí sófà, àwọn tó ní kí onílé gbìyànjú ń ṣe àṣejù díẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ilé kì í gún lẹ́dà ìpele mẹ́rin níbi tí ojúràn ti pàdé. Bó bá tiẹ̀ gún un, òwú àti abẹ́rẹ́ aṣọ lásán kò tó, ojúràn tó bá sì ṣù pọ̀ jù á sọ ibẹ̀ di ibi tó máa ya. Nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta sí mẹ́rin ló yẹ kó wà láàárín ihò kan àti èkejì. Ibi ìgbápá tó yí roboto, tí kò ní ojúràn tó hàn, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni. Ọ̀nà kan wà tí àwọn tó fẹ́ dín owó kù ń gbà: wọ́n ń tú u, wọ́n ń yọ pín-ìn-nì, wọ́n ń ra lẹ́dà àti fóòmù fúnra wọn, wọ́n á wá san owó rírán nìkan. Ó dára, bí wọ́n bá kọ nọ́ńbà sára àwọn awọ àtijọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ wọ́n. Àwọn aránga kì í fẹ́ràn rẹ̀, ìdí wọn sì yé mi: bí ohun tí oníbàárà rà bá bó, orúkọ aránga ló ń bàjẹ́.

Àríwísí tó lágbára jù sí ọ̀nà yìí ni pé PU kan náà ni wọ́n sábà ń fi rọ́pò PU. Ohun tó bó lẹ́ẹ̀kan á tún bó.

Ẹ jáwọ́ nínú lẹ́dà

Àwọn kan tó ti rán àga lẹ́ẹ̀mejì ti dé ibi pé aṣọ híhun tó nípọn ni àwọn fẹ́ báyìí. Kì í bó, kì í sì í lẹ̀ mọ́ itan nígbà ooru. Ó ń mu òógùn àti ọbẹ̀ tó dà sí i, ó sì ń gba eruku ọyẹ́ mọ́ra, èyí tó fà á tí àwọn ìyá wa fi sá lọ bá lẹ́dà nígbà àkọ́kọ́. Àwọn míì ń tọ́ka sí tìmùtìmù, ìrọ̀rí ìjókòó aláwọ tí àwọn oníṣọ̀nà awọ Ọ̀yọ́ ń fi awọ ewúrẹ́ tàbí àgùntàn ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé awọ gidi tí wọ́n ṣe nílé lè bá ojú ọjọ́ wa mu. Àmọ́ tìmùtìmù kéré. Awọ ewúrẹ́ kan kì í tóbi. Ojúràn tó máa wà lára sófà tí wọ́n fi bò tán á pọ̀ jọjọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí

Kò sẹ́ni tó lè sọ pàtó iye ọdún tí lẹ́dà tó wà lọ́jà máa lò ní Adó. Àwọn tó ń ṣe é ní òkè òkun ní àyẹ̀wò: wọ́n ń gbé e sínú àpótí tó gbóná tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ sì jẹ́ 95 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á ka iye ọ̀sẹ̀ tó fi dúró. Àwọn kan nínú wọn ń ka ọ̀sẹ̀ kan sí ọdún kan nínú ilé. Irú ilé wo, ní ìlú wo? Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ìyẹn. Wọ́n tún mọ̀ pé PU kì í ṣe ọ̀kan náà: irú tí wọ́n ń pè ní polycarbonate ń fara da ọ̀rinrin ju polyester lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n rólù lẹ́dà tí wọ́n ń gé ní yáàdì-yáàdì fún aránga kì í ní ìwé kankan lára tó sọ èyí tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ náà kò tíì yanjú. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fa ọ̀rinrin kúrò, nítorí náà ó yẹ kó fa ọjọ́ PU gùn. Ó yẹ kó tún mú awọ gidi gbẹ. Bí iná mànàmáná BEDC ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ṣé yàrá tó ń tutù tó tún ń gbóná lójúmọ́ kan náà sàn ju èyí tí wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ lọ? Mo ti gbọ́ kí àwọn aránga dáhùn bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́.

Èyí tó kàn mí jù ni ti PVC àti PU. PU ń wu oníbàárà torí pé ó rọ̀, ọ̀rinrin kì í sì í já PVC bó ṣe ń já a, nítorí náà ó yẹ kí PVC, pẹ̀lú gbogbo líle rẹ̀, pẹ́ jù ú lọ ní Èkìtì. Àmọ́ ooru ń yára lé èròjà tó ń mú un rọ̀ jáde, pàápàá níbi tí oòrùn ti ń gba fèrèsé wọlé. Láti mọ èyí tó borí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi PU bo àga kan, kó fi PVC bo èkejì, kó fi aṣọ híhun bo ìkẹta nínú pálọ̀ kan náà, kó kọ ọjọ́ sílẹ̀, kó má sì gbé wọn kúrò níbẹ̀. Aránga tó ń tún àga ṣe lójoojúmọ́ ló wà nípò láti ṣe é, bí oníbàárà kan bá gbà kí àga mẹ́ta pálọ̀ rẹ̀ má bára mu.